Ṣé ara máa ń gbàgbé ibà téèyàn bá ti pẹ́ lókè òkun?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Abẹ́òkúta ni mo dàgbà sí, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo lò níbẹ̀ kí n tó rìnrìn àjò, nígbà tí mo sì dàgbà tán, ibà kàn máa ń fọ́ mi lórí lọ́jọ́ kan ni, ó ti lọ nìyẹn. Ó ti di ọdún 9 tí mo ti wà ní Manchester báyìí. A fẹ́ wálé ní Dìsẹ́ńbà, èmi àtọkọ mi, ọmọ ọdún 4 kan àti ọmọ oṣù 10 kan, ibí la bí àwọn méjèèjì sí. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò ní ká máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà muni. Màámi gbọ́ lórí fóònù, wọ́n fárígá. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wa ti mọ ibà, pé òyìnbó ló yẹ kó lo irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi náà tún wá ní òun kà á níbì kan pé ara ní sẹ́ẹ̀lì tó máa ń rántí ibà, pé kò lè gbàgbé. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Ẹ lo oògùn náà, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fi ìyẹn ṣáájú torí àlàyé tó kù máa gùn, mi ò sì fẹ́ kí ìdáhùn sọnù sínú ẹ̀.

Òótọ́ wà lẹ́nu màmá yín, òótọ́ wà lẹ́nu ọkọ yín. Ara máa ń rántí ibà. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún yín ni ohun tó ń rántí gan-an, àti iye ọjọ́ tó máa gbà á kó tó rántí.

Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún tí mo ti ń wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Lọ́jọ́ kan bíríkìlà kan wá, ó fẹ́ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin tó taagun, sìmẹ́ńtì ṣì wà ní èékánná ẹ̀. Mo kán ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sórí gíláàsì, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi aró Giemsa pa á, mo gbé e sábẹ́ lẹ́ǹsì. Kíní ọ̀hún máa ń dà bí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ búlúù tó ní ojú pupa kan ṣoṣo, ẹni tó bá ti rí i rí kì í gbàgbé ẹ̀. Mo rí ọ̀kan. Mo sún síláìdì díẹ̀, mo rí méjì. Mo tún sún un, mo rí òmíì. Mo jáde lọ bá a, mo ní ṣé ara yín ò gbóná, ṣé orí ò fọ́ yín, ṣé ẹ ò bì? Ó ní rárá o, pé òun ti po sìmẹ́ńtì láàárọ̀ yẹn kóun tó máa bọ̀. Mo wọn ara ẹ̀, 36.6. Kòkòrò ibà wà lẹ́jẹ̀ ẹ̀, ó sì ń ru búlọ́ọ̀kù kiri.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà wọ́n gbé ọmọ ọdún méjì kan wá, gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà. Síláìdì tiẹ̀, ibi tí mo bá fojú sí òrùka ló kún bẹ̀.

Irú kòkòrò kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Ìrántí ara ló yà wọ́n.

* * *

Àwọn kan nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á ní kí n ṣàlàyé sẹ́ẹ̀lì ìrántí yìí kó yé ìyá tó ń tajà lọ́jà. Ó dáa.

Abo yànmùyánmú tó gbé kòkòrò ibà dání á gún yín, á da díẹ̀ lára ẹ̀ sábẹ́ awọ. Láàárín wákàtí kan sí méjì wọ́n ti dé inú ẹ̀dọ̀. Wọ́n á sápamọ́ síbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀kan ṣoṣo lára wọn á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ara yín ò sì ní gbóná rárá ní gbogbo àkókò yẹn. Ìgbà tí wọ́n bá tú jáde bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ni wàhálà dé. Wọ́n á wọnú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n á jẹ inú ẹ̀, tó bá di bíi wákàtí 48 wọ́n á bẹ́ ẹ, wọ́n á tún wá òmíì wọ̀. Bíbẹ́ yẹn ló ń fa òtútù tó ń mú eyín gbá eyín. Láti ọjọ́ tí yànmùyánmú ti gúnni dé ọjọ́ tí ibà máa fara hàn sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 15. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Ara ní àwọn sójà tó máa ń kọ́kọ́ sáré jáde, àwọn yẹn ò mọ ojú ẹnì kankan, ẹni tó bá ti ṣàjèjì ni wọ́n ń bá jà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì B àti T á dé, àwọn tó ń kọ́ ojú ọ̀tá. Tí ogun bá tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú, díẹ̀ á kù, díẹ̀ tó kù yẹn ni ìrántí. Àwọn kan nínú wọn á lọ fìdí kalẹ̀ sínú mùdùnmúdùn egungun, wọ́n á máa tú àǹtíbọ́dì, ohun ìjà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀tá, sẹ́jẹ̀ tọ̀sán-tòru bí ẹni pé ogun ò tíì tán. Àwọn kejì ni sẹ́ẹ̀lì B ìrántí gan-an gan-an, wọn kì í tú nǹkan kan jáde, wọ́n á kàn máa rìn kiri tàbí kí wọ́n máa tòògbé, àfìgbà tí wọ́n bá tún kojú ọ̀tá tí wọ́n mọ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tí wọ́n á wá máa ṣe àǹtíbọ́dì tuntun. Àwọn kẹta ni ti T. Àwọn kan lára wọn ń ran sẹ́ẹ̀lì B lọ́wọ́, àwọn kan ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò bá ti sá wọ̀, wọ́n sì ti rí i lára èkúté pé àwọn kan wà tí wọn kì í kúrò nínú ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Bí ara ṣe ń ṣe nìyẹn. Àmọ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbè sẹ́yìn ọkọ arábìnrin yìí ṣàkíyèsí nǹkan kan: àwọn ti inú mùdùnmúdùn egungun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ kí ọ̀tá tó dé. Àwọn yòókù, wọ́n ní láti jí ná.

* * *

Ẹnì kan béèrè ìbéèrè tó dùn mọ́ mi gidi. Ó ní àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí olóde, ìyẹn ṣọ̀pọ̀ná, bá ti bá jà tí kò kú, kò ní bá a jà mọ́ láyé, àwọn gan-an ni wọ́n máa ń ní kó wá tọ́jú aláìsàn. Kí ló wá dé tí ibà fi ń padà wá lọ́dọọdún?

Torí pé ojú kan ni olóde ní. Ibà ò ní ojú kan.

Ṣé ẹ ti rí egúngún onídán rí, tó bá ń pa aṣọ dà lójú agbo? Ẹ̀ ń wò ó, aṣọ pupa ló wọ̀, ó yí bírí, ó di funfun, ó tún yí, ó ti di nǹkan míì. Kòkòrò ibà tiwa níbí, falciparum, ó ní nǹkan bí 60 irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tó lè fi bo sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá wọ̀. Ara á kọ́ ọ̀kan, á ṣe àǹtíbọ́dì fún un, kó tó ṣe tán àwọn kan ti wọ òmíì. Aṣọ 60 tí kòkòrò tó wà ládùúgbò yín ní sì lè yàtọ̀ sí ti àdúgbò kejì. Ìdí nìyẹn tí ìrántí ibà fi máa ń jọ ti ọmọ tó ń kọ́ ìwé ńlá kan ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ibà kan, ojú ewé kan.

Wọ́n rí i kedere ní abúlé Kambila ní Mali. Wọ́n tọ pinpin àwọn ọmọ ọdún 2 títí dé ọ̀dọ́ ọdún 25, èsì ẹ̀ jáde ní 2010. Ìrántí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì wà lára wọn dáadáa. Ti ibà, díẹ̀díẹ̀ ni, ó ń pọ̀ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ kòkòrò yẹn ò jìnnà sí wọn lọ́dọọdún. Wọ́n tún rí irú sẹ́ẹ̀lì ìrántí kan tó máa ń pọ̀ lára àwọn tí ibà ń bá jà léraléra tí kì í tètè jí bíi tàwọn yòókù. Àwọn kan ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, àwọn kan ní rárá, iṣẹ́ míì ló ń ṣe, wọ́n ṣì ń bára wọn fà á.

Nítorí náà, bíríkìlà mi yẹn, ogójì ọdún ló fi kàwé yẹn. Kò lé kòkòrò jáde o, ó kàn mọ bó ṣe ń kó o níjàánu ni. Àwọn tó ń sọ pé "ara mi ò gba ibà", ara yín gbà á, kò kàn jẹ́ kó dà yín láàmú ni.

* * *

"Ṣé àǹtíbọ́dì ni àbí nǹkan míì, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ìbéèrè yìí tọ̀nà, ìdáhùn ẹ̀ sì wà nílé wa níbí.

Ní 1961, Cohen, McGregor àti Carrington gba àǹtíbọ́dì láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà ní Gambia, wọ́n fún àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe. Láàárín ọjọ́ mélòó kan kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wálẹ̀ gan-an, ara wọn sì rọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1962, Edozien, Gilles àti Udeozo ṣe irú ẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Ohun tó wú mi lórí nínú tiwọn ni pé wọn ò lo ti àgbà nìkan, wọ́n lo àǹtíbọ́dì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun náà, ó sì ṣiṣẹ́. Edozien yìí ló padà wá di Asagba, ìyẹn ọba, ti Asaba. Mo máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, torí wọ́n rò pé òkè òkun ni wọ́n ti mọ gbogbo nǹkan.

Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ yẹn kan ọ̀rọ̀ yín tààrà, ìyá ọlọ́mọ. Ìyá tó ń gbé ilé níbí máa ń fi àǹtíbọ́dì tiẹ̀ ta ọmọ inú lọ́rẹ, ìyẹn wà lára ohun tí ibà líle ò fi wọ́pọ̀ lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Àmọ́ àǹtíbọ́dì tí wọ́n bá fúnni báyìí, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìdajì ẹ̀ fi ń lọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta míì ìdajì èyí tó kù á tún lọ. Ọmọ oṣù 10 yín, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ bí i sí Abẹ́òkúta, èyí tẹ́ ẹ fún un ti tán. Ẹ sì bí i síbi tẹ́ ẹ ti lo ọdún mélòó kan tí yànmùyánmú oníbà kankan ò gún yín. Òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ìwé wọn ò tíì ní ojú ewé kankan. Ẹ̀jẹ̀ tí màmá ń sọ pé ó mọ ibà, àwọn ọmọ yẹn ò jogún ẹ̀. Wọn kì í jogún ìrántí.

* * *

Mo fẹ́ dáhùn èyí lọ́tọ̀, torí ó bà mí nínú jẹ́. Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé bàbá òun kì í jẹ́ kí wọ́n fún ọmọ lóògùn ibà lọ́jọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, pé kí ara bá a jà kó lè kọ́gbọ́n. Mo rí i pé ó lé léèyàn mẹ́wàá tó ní òótọ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo bẹ̀ yín.

Ní 2023, èèyàn 597,000 ni ibà pa láyé, nílẹ̀ Áfíríkà ni bíi 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn wà, tá a bá sì ka mẹ́rin nínú àwọn tó kú nílẹ̀ Áfíríkà, mẹ́ta ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nàìjíríà nìkan kó bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá gbogbo ikú yẹn. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí ara wọn kọ́gbọ́n ná wà níbẹ̀. Ibà falciparum lè gbé ọmọ tó ń ṣeré láàárọ̀ dé bèbè ikú kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Yàtọ̀ síyẹn, ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ gan-an ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n rò pé oògùn á pa ẹ̀kọ́ náà. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Nijmegen ní ilẹ̀ Netherlands. Wọ́n kó èèyàn 15 tó yọ̀ǹda ara wọn jọ, wọ́n ń fún gbogbo wọn ní kìlórókúìnì, oògùn tó máa ń mú ara wa yún nígbà kan yẹn. Nígbà tí wọ́n ń lo oògùn lọ́wọ́, wọ́n jẹ́ kí yànmùyánmú oníbà gún mẹ́wàá nínú wọn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oṣù kan láàárín. Àwọn márùn-ún tó kù, èyí tí kò níbà ló gún wọn. Kìlórókúìnì kì í pa kòkòrò inú ẹ̀dọ̀, ó ń dúró dè é nínú ẹ̀jẹ̀ ni, torí náà ara rí kòkòrò náà dáadáa, àìsàn ni kò ráyè ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ oògùn dúró, wọ́n jẹ́ kí yànmùyánmú oníbà gún gbogbo wọn. Àwọn márùn-ún yẹn, ibà mú gbogbo wọn. Àwọn mẹ́wàá yìí, kò mú ẹnì kankan. Èsì ẹ̀ jáde ní 2009. Lẹ́yìn oṣù 28 wọ́n pe mẹ́fà lára wọn padà, wọ́n tún dán wọn wò, mẹ́rin ò ní kòkòrò lẹ́jẹ̀ rárá, àwọn méjì tó kù, ó pẹ́ kó tó yọ lára wọn. Sẹ́ẹ̀lì T ìrántí wọn ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má lọ fìyẹn ṣe ìdánwò nílé o, abẹ́ ojú dókítà ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ kó lè yé yín pé oògùn ò lé ìrántí lọ, àti pé ara lè kọ́ ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé wọ́n lu ú dójú ikú. Ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná, ẹ gbé e lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ yẹn, tó bá jẹ́ ibà, kó lo ACT, oògùn tí wọ́n fi ń wo ibà, tán pátápátá.

* * *

Kíákíá, méjì nínú àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń jà lé lórí.

Jẹ́nótáìpù AS. Ó ń gbani lọ́wọ́ ibà líle lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìrántí, wọ́n bí i mọ́ yín ni. Ẹni tó ń jẹ́ AS ṣì máa ń ní ibà, ẹni tó bá sì jẹ́ SS, ibà léwu fún un gan-an ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Agbo. Mi ò ní bú ewé, torí ara ewé kan nílẹ̀ Ṣáínà ni Tu Youyou ti rí oògùn tó wà nínú ACT, ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2015. Àmọ́ ẹni tó ní òun ń mu agbo lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí sójà ara òun lè máa rántí ibà, kò sí bí agbo ṣe fẹ́ ṣèyẹn. Kòkòrò fúnra ẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbé àwòrán ẹ̀ dání, ló ń kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́.

* * *

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ arábìnrin Manchester. Ṣé ara yín ti gbàgbé?

Àǹtíbọ́dì yín ti wálẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìrántí yín, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà, kó sì pọ̀. Ní àwọn òkè Madagascar, wọ́n fi DDT, èyí tí wọ́n ń fín láti pa yànmùyánmú, àti oògùn lé ibà kúrò tó fi jẹ́ pé láti 1960 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibà níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọdún 1985 ó padà dé tìjà tìjà, ó pa èèyàn rẹpẹtẹ. Àwọn tó ti dàgbà kí ibà tó lọ, kò dà wọ́n láàmú tó àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lógún ọdún. Nǹkan kan wà lára wọn tí kò kú.

Ní UK, wọ́n ka àkọsílẹ̀ ibà falciparum láti 1987 sí 2006, ó lé ní 25,000, èèyàn 184 ló kú nínú wọn. Nínú àwọn tó lọ gbafẹ́, ó tó bíi 3 nínú 100 tó kú. Nínú àwọn tó lọ kí ẹbí wọn nílé, bíi 3 nínú 1,000 ni. Màmá yín á ní ṣé òun ò sọ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: gbogbo ẹni tí wọ́n kà yẹn ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìrántí ò ní kó máà mú wọn. Ọ̀pọ̀ ibà tí wọ́n ń rí ní UK lọ́dọọdún, ó lé ní 2,000 ní 2023, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń gbé e bọ̀, Nàìjíríà sì wà níwájú. Àwa náà la kún ibẹ̀, àwa tá a lọ ṣe ìgbéyàwó, tá a lọ sìnkú, tá a ní ẹ̀jẹ̀ wa mọ̀ ọ́n.

Ìdí ẹ̀ ni aago. Sẹ́ẹ̀lì B ìrántí máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó jí, kó pọ̀, kó wá tú àǹtíbọ́dì tó pọ̀ tó jáde. Kòkòrò tó ti bọ́ sẹ́jẹ̀ ń di ìlọ́po ìlọ́po ní wákàtí 48. Ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta, àǹtíbọ́dì ti wà ńlẹ̀ lára ẹ̀, torí yànmùyánmú ń ta á jí lójoojúmọ́. Ẹ̀yin, ẹ máa kọ́kọ́ ṣàìsàn ná kí àwọn tó ń sùn tó dìde. Tí aṣọ tí kòkòrò wọ̀ bá wá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ò rí rí, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Àbúrò mi ọkùnrin ti lo ọdún méje ní Kánádà kó tó wálé wá sìnkú bàbá wa. Mo ní kó ra oògùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Òkè-Àdó ni wọ́n bí mi sí." Ọjọ́ mẹ́wàá ló lò lọ́dọ̀ wa, kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ kẹrin tó padà dé ọ̀hún ni òtútù mú un. Ilé ìwòsàn kékeré kan tó lọ fún un ní parasítámọ̀, wọ́n ní ọ̀fìnkìn tó ń jà kiri ni, ẹnikẹ́ni ò béèrè ibi tó ti ń bọ̀, òun náà ò sọ. Ọjọ́ kejì ó pè mí lórí fídíò, mo rí ojú ẹ̀ tó ti pọ́n, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò ṣe geere. Mo pariwo mọ́ ìyàwó ẹ̀ pé kó gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá báyìí báyìí, kó sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé Nàìjíríà ló ti ń bọ̀. Wọ́n fi oògùn sí i lójú iṣan, ó lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀. Ó yè é. Dókítà ní ó lè jẹ́ ibà tó ti ní nígbà kékeré ló bá a dín in kù. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbára lé e.

* * *

Ẹnì kan ti fèsì pé tó bá jẹ́ 3 nínú 1,000 ló ń kú, kí la wá ń ná owó oògùn sí. Ọ̀gbẹ́ni, àwọn ọmọ méjì ló ń tẹ̀ lé ìyá wọn bọ̀, àwọn yẹn ò sí nínú ìṣirò yín, torí wọn ò ní ìrántí kankan. Ẹni tó bá sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, odindi ni nílé tiẹ̀.

* * *

Àwọn ìyàwó ilé béèrè nípa oyún, inú mi dùn sí i. Obìnrin tí ibà ò yọ lẹ́nu láti sẹ́kọ́ńdírì, ó lóyún àkọ́kọ́, ibà wá gbé e ṣubú, ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Ibi ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ara ni, kòkòrò ibà sì ní aṣọ kan tó máa ń wọ̀ láti fi lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ nìkan. Ara ò rí aṣọ yẹn rí, kò ní ìrántí ẹ̀. Tí oyún kejì, ìkẹta bá dé, ara ti mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ti àkọ́kọ́ fi máa ń le jù níbi tí ibà pọ̀ sí. Fansidar tí wọ́n ń fún yín ní kílíníìkì aboyún, láti bí oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, oṣù kan láàárín, ẹ má jù ú nù sẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ tí ìrántí ò tíì lè ṣe ló ń bá yín ṣe.

* * *

"Ṣé kí ọmọ oṣù 10 gba abẹ́rẹ́ ibà tuntun yẹn kẹ́ ẹ tó wá?" Rárá, kì í ṣe ti arìnrìn-àjò, wọn ò ní fún yín níbẹ̀. Ti àwọn ọmọ tó ń gbé ibi tí ibà wà ni. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń pè ní RTS,S ní 2021, ó fọwọ́ sí ìkejì, R21, ní 2023. Benin bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tiwọn ní 2024, Nàìjíríà náà fi Kebbi àti Bayelsa bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún yẹn, nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 5, 6, 7 àti 15. Ní Ghana, Kenya àti Malawi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé RTS,S wò láti 2019, ikú ọmọdé tó wà ní ọjọ́ orí abẹ́rẹ́ náà fi 13 nínú 100 dín kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tó bá dé ìpínlẹ̀ yín, ẹ lọ gbà á.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí jù ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin, kí ló dé tí kò lágbára bíi tàwọn abẹ́rẹ́ yòókù. Ẹ rántí wákàtí kan sí méjì tí mo sọ lókè. Abẹ́rẹ́ yìí fẹ́ mú kòkòrò kó tó dé ẹ̀dọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìrántí tó ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó jí ò lè bá a lójú ọ̀nà, àyàfi kí àǹtíbọ́dì ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ kí yànmùyánmú tó bà. Ó sì ń wálẹ̀. Ìkẹrin yẹn ni wọ́n fi ń tún un gbé sókè. Ìyá tó gba mẹ́ta tó ní ó ti tó, kò tíì tó.

* * *

Kí n tó lọ sùn: ẹni tó ní òun lo ACT tán, òun tún ṣe tẹ́ẹ̀sì onílà méjì yẹn lọ́sẹ̀ kejì, ó ṣì ní ibà wà, ṣé kóun tún lo òmíì. Tára yín bá ti balẹ̀, rárá. Tẹ́ẹ̀sì yẹn ń rí ìdọ̀tí tí kòkòrò fi sílẹ̀, ó lè wà lẹ́jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Tí ara bá tún gbóná, ní kí wọ́n wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Kẹ́yin àgbàlagbà náà mọ̀ pé ara tó ti mọ ibà lè gbé kòkòrò díẹ̀ láìṣàìsàn, torí náà tí ibà bá hàn nínú tẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀ ń wúkọ́, tí ẹ ò lè mí dáadáa, kí dókítà má dúró lórí ibà nìkan, kó wá ohun tó kù.

* * *

Mo rí èsì yín láàárọ̀ yìí, ìyá ọlọ́mọ, pé ọkọ yín ti gbà, ó ku màmá. Ẹ má bá wọn jiyàn pé ẹ̀jẹ̀ yín ò mọ ibà. Ẹ sọ fún wọn pé ó mọ̀ ọ́n, pé ó ti sùn ni, kó tó jí ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ò sì tíì bá a pàdé rí láyé. Ẹ ní kí wọ́n bá yín ta nẹ́ẹ̀tì tó ti rẹ sínú oògùn sórí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ tó dé, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti ya.

Oògùn ti ọmọdé, ìwọ̀n ara wọn ni wọ́n fi ń fún wọn, nítorí náà ẹ gbé àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa rà á, ẹ má lo ìwọ̀n oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Doxycycline, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà muni, kì í ṣe tiwọn. Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá padà dé Manchester, torí èyí tó gún yín lálẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nílé ṣì lè wà nínú ẹ̀dọ̀, tó bá jẹ́ oògùn tí wọ́n ń pè ní Malarone ni wọ́n fún yín, ó máa ń lọ títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kúrò. Tí ara ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbóná láàárín ọdún kan sí ìgbà yẹn, gbólóhùn tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni pé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀.